Ẹlẹ́rìí Inú Páìpù Èéfín

Ẹ jẹ́ ká mú ọkọ̀ kan tó wọ́pọ̀ lójú títì Amẹ́ríkà: píkọ́ọ̀pù Chevrolet Silverado, ẹ́ńjìnnì V8 oní-líítà 5.3. Ẹni tó ni ín ti yọ mánífóòlù irin tí ilé-iṣẹ́ fi sí i, ó ti fi hẹ́dà páìpù gígùn rọ́pò rẹ̀, ó sì ti pààrọ̀ sàléńsà kí ohùn ọkọ̀ náà lè rinlẹ̀. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n níbi tó bá ti dúró de iná títì. Iná ẹ́ńjìnnì tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Wọ́n sìkáànì rẹ̀, kóòdù P0300 jáde, ìyẹn ni pé mísfáyà ń ṣẹlẹ̀ káàkiri, iná ń kú nínú sílíńdà kan lónìí, nínú òmíràn lọ́la. Ohun tó sábà ń tẹ̀lé e ni pé wọ́n á ra púlọ́ọ̀gù mẹ́jọ, wọ́n á ra kọ́ìlì mẹ́jọ, owó ńlá á lọ, ọkọ̀ á sì máa gbọ̀n lọ bó ṣe ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní orí yìí ni pé páìpù tuntun kì í sábà pa iná inú sílíńdà fúnra rẹ̀. Ẹ̀rí ló máa ń bà jẹ́, ẹ̀rí tí bíréènì-bọ́ọ̀sì ọkọ̀, ìyẹn kọ̀ńpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, gbẹ́kẹ̀ lé kó tó mọ iye epo tí yóò fún ẹ́ńjìnnì. Lára ọkọ̀ tí wọ́n ti yí ọ̀nà èéfín rẹ̀ padà, ẹ̀rí yẹn ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ká tó fọwọ́ kan púlọ́ọ̀gù kankan.

Ó yẹ ká mọ bí ọkọ̀ ṣe ń mọ̀ pé iná kú. Láti ìgbà tí Nikolaus Otto ti ṣe ẹ́ńjìnnì onípele mẹ́rin rẹ̀ jáde ní Jámánì lọ́dún 1876, ìlànà náà kò tíì yí padà: ẹ́ńjìnnì á fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé, písítìn á fún un pọ̀, iná á ràn án, èéfín á jáde. Bí ẹ́ńjìnnì oní-sílíńdà mẹ́jọ bá ń yí nígbà 600 láàárín ìṣẹ́jú kan, bó ṣe máa ń rí nígbà tí ọkọ̀ bá dúró sójú kan, sílíńdà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ràn lẹ́ẹ̀marùn-ún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí àpapọ̀ gbogbo wọn sì jẹ́ 40. Gbogbo ìgbà tí iná bá ràn ló ń ti kíránkì síwájú díẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ kan wà nítòsí kíránkì yìí tó ń ka eyín àgbá tó ń bá a yí (58 ni eyín náà lára ọ̀pọ̀ Silverado tí wọ́n ti ń ṣe láti nǹkan bí ọdún 2007), bíréènì-bọ́ọ̀sì sì ń wọn àkókò tó wà láàárín eyín kan sí èkejì. Bí sílíńdà kan kò bá ràn, kíránkì á fà díẹ̀ kí sílíńdà tó kàn tó gbé e. Bíréènì-bọ́ọ̀sì á ṣírò ẹni tó kàn láti ràn lásìkò yẹn, á sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀: P0301 fún sílíńdà kìíní, P0305 fún ìkarùn-ún, P0300 bí kò bá rí ẹnì kan pàtó tí yóò dì mú. Láti ọdún 1996 ni wọ́n ti mú un ní dandan ní Amẹ́ríkà pé kí ọkọ̀ tuntun ní irú ètò yìí.

Ẹ kíyè sí ohun tí kóòdù náà sọ àti ohun tí kò sọ. Ó sọ pé kíránkì fà nígbà tó kan sílíńdà karùn-ún. Kò sọ pé kọ́ìlì ló kú. Kò sọ bóyá epo pọ̀ jù tàbí ó kéré jù, kò sì sọ bóyá fáàfù ni kò pa dé dáadáa. Ẹni tó bá ti ibi kóòdù lọ tààrà sí ìsọ̀ ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ti fo gbogbo ìbéèrè tó wà láàárín méjèèjì.

Ẹlẹ́rìí tó ń mú ẹ̀rí tí mo sọ níṣàájú wá ni sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn. Ilé-iṣẹ́ Bosch ló ṣe é, Volvo ló sì kọ́kọ́ gbé e sára ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní California, lọ́dún 1976. Séríámíìkì zirconia ni wọ́n fi ṣe orí rẹ̀, wọ́n sì ń dè é mọ́ páìpù kí orí náà lè wà nínú èéfín. Bó bá ti gbóná kọjá nǹkan bí 300 °C, á bẹ̀rẹ̀ sí í mú iná mànàmáná díẹ̀ wá: ó ń sún mọ́ fóltì 0.9 bí ọ́síjìn kò bá fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ́ kù nínú èéfín, ó sì ń já wálẹ̀ sí nǹkan bí 0.1 bí ọ́síjìn bá pọ̀ níbẹ̀. Kí pẹtiróòlù kìlógíráàmù kan tó lè jó tán pátápátá, ó nílò afẹ́fẹ́ tó tó kìlógíráàmù 14.7, ibẹ̀ sì ni bíréènì-bọ́ọ̀sì ń gbìyànjú láti dúró sí. Bí sẹ́ńsọ̀ bá ní ọ́síjìn ṣẹ́ kù, á gbà pé epo kò tó, á sì jẹ́ kí nọ́sù tó ń fọ́n epo pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó pa.

Ohun kan ṣoṣo ni sẹ́ńsọ̀ yìí mọ̀: ọ́síjìn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò mọ ibi tó ti wá. Ó lè wá látinú sílíńdà tí epo rẹ̀ kò tó lóòótọ́. Ó lè wá látinú sílíńdà tí iná rẹ̀ kú nítorí kọ́ìlì, tó wá tú gbogbo afẹ́fẹ́ àti epo rẹ̀ dà sínú páìpù láìjó. Ó sì lè wọlé láti ìta, níbi tí páìpù ti ní àlàfo. Ẹjọ́ kan náà ni sẹ́ńsọ̀ yóò rò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: epo kò tó. Bíréènì-bọ́ọ̀sì yóò sì dá ẹjọ́ kan náà: ẹ fi epo sí i. Àwọn àgbà sọ pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Bíréènì-bọ́ọ̀sì kò ní ìkà nínú, ṣùgbọ́n ẹnu ẹlẹ́rìí kan yìí ló ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ epo ní ìhà kọ̀ọ̀kan ẹ́ńjìnnì, ọ̀tún tàbí òsì, hẹ́dà tuntun sì ti yí ibi tí ẹlẹ́rìí náà dúró sí padà, ó ti yí gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà níwájú rẹ̀ padà, ó sì ti fa wáyà rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn.

Ẹnì kan lè sọ pé páìpù tó ń tú èéfín síta kò lè máa fa afẹ́fẹ́ wọlé. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé èéfín kì í jáde geere. Ó ń tú jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí sílíńdà kọ̀ọ̀kan bá ti ń ṣí fáàfù rẹ̀, lẹ́yìn tí ọ̀kan bá sì ti kọjá, ìtẹ̀sí inú páìpù máa ń já wálẹ̀ ju ti afẹ́fẹ́ ìta lọ fún ìwọ̀n àkókò bíńtín kí òmíràn tó dé. Lásìkò bíńtín yẹn, àlàfo tín-ín-rín lẹ́nu gásíkẹ́ẹ̀tì ti tó láti fa afẹ́fẹ́ tútù wọlé. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ́ńjìnnì ń yí jẹ́ẹ́, èéfín kéré, afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó wọlé yìí sì tó láti tan sẹ́ńsọ̀ jẹ. Bí awakọ̀ bá tẹ tọ́rọ́tù, èéfín á pọ̀ débi pé afẹ́fẹ́ náà kò ní já mọ́ nǹkan kan mọ́. Ìdí nìyẹn tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ń gbọ̀n níbi iná títì, tó sì ń sáré geerege ní ọ̀nà márosẹ̀.

Ẹ̀rọ ìsìkáànì ń fi èyí hàn fún ẹni tó bá mọ ibi tó yẹ kó wò. Yàtọ̀ sí kóòdù, ó ń sọ iye epo tí bíréènì-bọ́ọ̀sì ti fi kún ìṣirò rẹ̀ tàbí tó yọ kúrò, ní ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, fún ìhà ọ̀tún àti ìhà òsì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí nọ́ńbà náà kò bá jìnnà sí òdo, ó dára. Bí ìhà kan bá wà ní àfikún 22 tí èkejì sì wà ní àfikún 2, ìṣòro náà kì í ṣe ti epo inú táǹkì, kì í ṣe ti pọ́ǹpù, nítorí ìhà méjèèjì ló ń mu nínú àwọn yẹn. Ìhà kan ló ní nǹkan tí èkejì kò ní. Àmọ́ ó kù kí á yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ohun mìíràn tó jọ ọ́, ìyẹn ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò wọnú ẹ́ńjìnnì láti ọ̀nà àbáwọlé, nítorí òun náà ń mú kí nọ́ńbà ga nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, kó sì lọ sílẹ̀ nígbà tó bá ń sáré. Ẹ tú púlọ́ọ̀gù ìhà náà kí ẹ wo ẹnu rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀nà àbáwọlé ló ń jò, òótọ́ ni sẹ́ńsọ̀ sọ: afẹ́fẹ́ pọ̀ jù, epo tí wọ́n fi kún un sì bá a dọ́gba, ẹnu púlọ́ọ̀gù á mọ́, á funfun tàbí kó pupa rúsúrúsú. Bó bá jẹ́ páìpù èéfín ló ń jò, sẹ́ńsọ̀ purọ́: epo tó tẹ́lẹ̀, wọ́n tún ń rọ́ òmíràn lé e. Ẹnu púlọ́ọ̀gù á dúdú kirikiri, èédú gbígbẹ tó ń lẹ̀ mọ́ ìka á bo tánganran funfun tó yí irin àárín rẹ̀ ká, iná á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí èédú náà sá lọ dípò kó fò kọjá àlàfo ẹnu púlọ́ọ̀gù. Ìgbà yẹn ni mísfáyà á wá di òótọ́. Púlọ́ọ̀gù tuntun á mú ọkọ̀ náà dára fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, títí èédú á fi tún bò ó, ẹni tó ni ọkọ̀ á sì máa rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun.

Ẹ̀rí kan tún wà tí kì í náni lówó rárá. Kí sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó gbóná, bíréènì-bọ́ọ̀sì kì í fetí sí i. Ìṣirò tí ilé-iṣẹ́ ti kọ sí i lórí ló ń lò. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n tan án, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń gbóná, ó yẹ ká fura. A sì lè ṣe ìdánwò náà fúnra wa: ká yọ wáyà sẹ́ńsọ̀ tó wà níwájú kátálísì (ohun tó ń sọ èéfín di mímọ́ nínú páìpù) ní ìhà tí a fura sí, kí bíréènì-bọ́ọ̀sì má lè gbọ́ ọ mọ́, ká sì fún un láyè díẹ̀. Kóòdù tuntun á jáde, ìyẹn kò ṣe nǹkan kan. Bí ìgbọ̀n bá rọlẹ̀ nígbà tí a pa ẹlẹ́rìí lẹ́nu mọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Bí ìgbọ̀n náà kò bá yí padà, ẹ jẹ́ ká wá ibòmíràn wò.

Àṣìṣe kan wà tó jẹ́ ti hẹ́dà gan-an, ó sì rọrùn láti ṣe. Lára V8, sẹ́ńsọ̀ méjì ló wà níwájú, ọ̀kan fún ìhà kọ̀ọ̀kan. Hẹ́dà gígùn máa ń gbé wọn lọ sísàlẹ̀ jìnnà, ni wọ́n á bá so wáyà àfikún mọ́ wọn, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọkọ̀ lè fi ti ọ̀tún sí òsì láìmọ̀. Láti ìgbà náà, ìhà ọ̀tún ló ń jẹ́rìí, ìhà òsì ni wọ́n ń ṣàtúnṣe sí. Bí epo ọ̀tún bá kéré díẹ̀, wọ́n á fi kún ti òsì. Sẹ́ńsọ̀ òsì á ké pé epo ti pọ̀ jù, wọ́n á tún yọ nínú ti ọ̀tún, èyí tó ti kéré tẹ́lẹ̀. Kò sí ohun tó lè dá a dúró àfi kí nọ́ńbà ìhà kan dé òpin òkè kí ti èkejì sì dé òpin ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá rí àfikún 25 ní ìhà kan àti àyọkúrò 25 ní èkejì lára ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hẹ́dà sí, ẹ wo wáyà kí ẹ tó wo ohunkóhun mìíràn.

Ooru ni ọ̀nà kejì tí hẹ́dà fi ń dá mísfáyà sílẹ̀, èyí kò sì ní irọ́ nínú: iná ń kú lóòótọ́. Mánífóòlù ilé-iṣẹ́ nípọn, wọ́n sì sábà máa ń fi pátákó irin bò ó. Páìpù hẹ́dà fẹ́lẹ́, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ púlọ́ọ̀gù kọjá, ooru rẹ̀ sì ń lu gbogbo ohun tó wà nítòsí. Lára ẹ́ńjìnnì 5.3 yìí, kọ́ìlì mẹ́jọ ló jókòó lórí ìdérí fáàfù, wáyà kúkurú kan sì ti ara kọ̀ọ̀kan lọ bá púlọ́ọ̀gù rẹ̀. Rọ́bà sílíkónì tó bo wáyà náà lè fara da nǹkan bí 200 °C. Ara páìpù máa ń kọjá ìyẹn dáadáa nígbà tí ọkọ̀ bá ń fa ẹrù. Bí wáyà bá fara kan páìpù, ẹ óò rí àmì funfun kékeré kan lára rọ́bà náà, á le gbagidi, bí ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́, á sán. Iná mànàmáná á máa gba ibẹ̀ fò sára irin. Ìgbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè tàbí tó ń fa ẹrù ló máa ń hàn jù, nítorí ìfúnpọ̀ inú sílíńdà máa ń pọ̀ nígbà náà, ó máa ń gba fóltì tó ga kí iná tó fò lẹ́nu púlọ́ọ̀gù, ibi tó sán lára rọ́bà á sì wá rọrùn fún un ju ẹnu púlọ́ọ̀gù lọ. Bí ẹ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lálẹ́, níbi tó ṣókùnkùn, tí ẹ fọ́n omi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sórí àwọn wáyà náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ẹ óò rí iná aláwọ̀ búlúù tó ń ta pàrà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kàn án: fóltì ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni. Gbígbọ̀n tó wà níbi iná títì àti gbígbọ̀n tó wà lórí òkè kì í sábà jẹ́ àìsàn kan náà, ìyàtọ̀ yìí nìkan sì lè gba ẹni tó ní ọkọ̀ lọ́wọ́ ìnáwó púpọ̀.

Àwọn kan á ní bó bá jẹ́ hẹ́dà ló fà á, ọjọ́ tí wọ́n fi í sí i ló yẹ kí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kì í ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ náà wọlé létí, ṣùgbọ́n kò ro ti ooru mọ́ ọn. Irin máa ń gbòòrò bó bá gbóná, ó sì máa ń súnkì bó bá tutù, lójoojúmọ́. Bọ́ọ̀tì tí wọ́n dì kò lè máa le bákan náà títí, gásíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú á fún, rọ́bà á gbẹ díẹ̀díẹ̀. Ẹ fetí sí ọkọ̀ náà láàárọ̀ nígbà tó tutù. Bó bá ń dún tíkí-tíkí-tíkí lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì, tí ohùn náà sì ń pòórá bó ṣe ń gbóná, àlàfo ló ń dí bí irin ṣe ń wú. Pípòórá ohùn kò túmọ̀ sí pé àlàfo ti dí tán.

Àríyànjiyàn tó gbajúmọ̀ jù ni ti àwọn tó ń sọ pé ẹ́ńjìnnì nílò ìdènà nínú páìpù èéfín, pé bí ìdènà náà bá ti lọ, iná á máa kú. Èmi kò gbà. Èéfín àná tó kù nínú sílíńdà kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti tan iná tòní. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ìdíje kò ní sàléńsà rárá, iná wọn sì ń ràn. Òótọ́ díẹ̀ tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé páìpù tó fẹ̀ jù máa ń dín ìyára èéfín kù, ọkọ̀ lè wá ṣe bí ẹni tó rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò bá tíì yára. Ìrẹ̀sílẹ̀ agbára nìyẹn, kì í ṣe mísfáyà, ẹ̀rọ ìsìkáànì kò sì ní ka iná tó kú kankan. Irú ìrẹ̀sílẹ̀ kan náà lè wá bí hẹ́dà bá ń kan férémù ọkọ̀: sẹ́ńsọ̀ tó ń gbọ́ ìró ìkọlù nínú ẹ́ńjìnnì á gbọ́ ariwo irin náà, á rò pé epo ló ń bú gbàmù lọ́nà àìtọ́, bíréènì-bọ́ọ̀sì á sì jẹ́ kí iná púlọ́ọ̀gù pẹ́ díẹ̀ kó tó ràn, kó má baà ba písítìn jẹ́.

Ti kátálísì ṣòro ju ìyẹn lọ, nítorí àwọn tó ń dá a lẹ́bi kò purọ́ tán. Kátálísì tó dí lè pa iná lóòótọ́: èéfín kò rí ọ̀nà jáde, afẹ́fẹ́ tuntun kò rí àyè wọlé. Ṣùgbọ́n ó ṣeé wọ̀n. Ẹ yọ sẹ́ńsọ̀ iwájú, ẹ de géèjì ìtẹ̀sí sí ojú ihò rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, kò yẹ kó fi bẹ́ẹ̀ kọjá psi kan àti díẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí nígbà 2,500 ní ìṣẹ́jú kan, bó bá kọjá 3, nǹkan ti dí. Lẹ́yìn náà ẹ bi ara yín léèrè ohun tó dí i. Lọ́pọ̀ ìgbà, mísfáyà tó ti wà tipẹ́ ni. Epo tí kò jó nínú sílíńdà á lọ jó nínú kátálísì, ooru á sì pọ̀ débi tí séríámíìkì inú rẹ̀ á fi yọ́ tàbí kó fọ́. Ìdí tí iná ẹ́ńjìnnì fi ń ṣẹ́jú dípò kó tàn gbọnrangandan nìyẹn: ó ń kìlọ̀ pé kátálísì ti ń jó lọ. Ẹni tó bá gé e dànù láìwá kọ́ìlì tó kú rí ti sin òkú, ó sì fi apànìyàn sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin Clean Air Act ka gígé e sí ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà sì kan wa nílé, nítorí ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ń dé èbúté Èkó ti pàdánù kátálísì rẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, àwọn mìíràn sì ń pàdánù tiwọn lẹ́yìn tí wọ́n dé, nítorí pàlédíọ̀mù àti pìlátínọ̀mù inú rẹ̀ tówó. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ á máa gbé kóòdù P0420 kiri, iná dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ á máa tàn lójoojúmọ́, débi pé lọ́jọ́ tí mísfáyà gidi bá dé, kò ní sí ẹni tí yóò wo ojú iná náà mọ́. Ó dùn mí nítorí àwọn tó ń ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kò lówó àṣìṣe.

Ó ṣẹ́ ku àwọn tó ní kí á kúkú pààrọ̀ gbogbo kọ́ìlì àti púlọ́ọ̀gù, kó lè yá. Ó lè yá nígbà mìíràn. Àmọ́ kí á tó ra ọ̀kan, ẹ gbé kọ́ìlì sílíńdà karùn-ún lọ sórí ìkẹta, kí ẹ gbé ti ìkẹta wá sí ìkarùn-ún, kí ẹ sì wakọ̀ díẹ̀. Bí kóòdù bá yí láti P0305 di P0303, kọ́ìlì náà ló kú, owó kọ́ìlì kan ṣoṣo ni ẹ óò ná. Bí kóòdù kò bá kúrò, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún wáyà, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún púlọ́ọ̀gù. Hẹ́dà tilẹ̀ ṣe wá lóore kan níhìn-ín: páìpù sílíńdà kọ̀ọ̀kan dá dúró, ó sì fẹ́lẹ́, bí ẹ bá tan ọkọ̀ tó tutù tí ẹ na ẹ̀rọ tó ń ka ooru láti ọ̀nà jíjìn sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, páìpù sílíńdà tí iná rẹ̀ kú kò ní gbóná bíi ti àwọn yòókù.

Nígbà mìíràn sì rèé, ọwọ́ hẹ́dà mọ́ pátápátá. Láti ọdún 2005 ni General Motors ti fi ètò tó ń pa sílíńdà mẹ́rin dákẹ́ láti dín epo kù sára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì 5.3, lára àwọn ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí sì ni ohun èlò tó ń gbé fáàfù sókè ti máa ń kú. Kò sí wáyà tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì tó lè wo èyí sàn. Bí sílíńdà kan bá kọ̀ láti ràn lẹ́yìn tí kọ́ìlì, wáyà, púlọ́ọ̀gù àti nọ́sù ti fi hàn pé ọwọ́ wọn mọ́, ẹ wọn ìfúnpọ̀ gbogbo sílíńdà. Wọ́n sábà máa ń wà láàárín psi 120 sí 180, èyí tó kéré jù kò sì gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún èyí tó ga jù. Bí ti ìkeje bá jẹ́ 60 nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní 160, ẹ fi hẹ́dà sílẹ̀, kí ẹ ṣí ìdérí fáàfù. Ohunkóhun tí ẹ bá sì tún ṣe, ẹ pa ohun tí bíréènì-bọ́ọ̀sì ti kọ́ nípa epo rẹ́, nítorí ó ń rántí àtúnṣe tó ti ń ṣe fún oṣù púpọ̀. Ẹ wa ọkọ̀ náà títí yóò fi gbóná dáadáa, kí ẹ jẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ sì tún ka nọ́ńbà ìhà méjèèjì.